Ẹ Bi Ìyá Onífáyólìn: Ẹni Tó Dúró àti Àwọn Tó Jókòó

Lẹ́tà pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí o. Ó jọ pé gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní London ló mú ìyá wọn lọ gbọ́ ọ́kẹ́sítírà ní Royal Albert Hall nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ìyá sì wá kó gbogbo ìbéèrè tí ọmọ kò lè dáhùn fún mi. Ẹ ṣé o. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́: mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fáyólìn ní gúúsù London, mo sì ń ta fáyólìn kejì (ẹgbẹ́ méjì ni àwọn onífáyólìn máa ń pín sí, kìn-ín-ní àti kejì) nínú ọ́kẹ́sítírà àdúgbò kan tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gbowó. Ẹgbẹ́ àwọn tó jókòó ni mo wà. Bí ẹ bá rí i pé mò ń gbè sẹ́yìn wọn jù nínú ìdáhùn mi, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Láti Ìbàdàn ni mo ti wá kí ọmọ mi, ó sì mú mi lọ gbọ́ ọ̀gá onífáyólìn kan pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà. Wọ́n ní orin Beethoven ni. Ọkùnrin náà jáde, ilé hó yèè, ó tẹríba, ló bá dúró gbagidi. Gbogbo àwọn tó jókòó ń ta orin, òun kàn ń wò wọ́n. Ó pẹ́ débi pé àánú rẹ̀ ṣe mí, mo rò pé ó ti gbàgbé orin ni. Ọmọ mi ní kí n dákẹ́, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Concerto fáyólìn Beethoven lẹ gbọ́, ará Germany tó ń kọ orin ní Vienna, olú ìlú Austria. Concerto ni orin tí ẹnì kan máa ń dúró níwájú ta, tí ọ́kẹ́sítírà á sì máa bá a ta á. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kọ parí fún fáyólìn, ó sì ṣètò rẹ̀ pé kí ẹni tó dúró níwájú fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta tẹ́tí sí àwọn tó jókòó kí òun náà tó gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín: kí ló kọ́kọ́ dún? Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin yẹn lẹ tẹjú mọ́, ó ṣeé ṣe kó ti kọjá lára yín. Ìlù ni. Ẹnì kan wà lẹ́yìn pátápátá tó dúró ti àwọn ìlù oníkòkò bàbà. Òun ló fi ọ̀pá olórí rírọ̀ lù ú jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìkarùn-ún sì bọ́ sí àkókò kan náà tí àwọn fèrè wọlé. Kò sí ariwo, kò sí ìdágìrì. Ìlù nìkan, nínú ilé tó gba èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ concerto ní Vienna nígbà yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ìlù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, èwo ló ṣàjèjì níbẹ̀ fún ọmọ Ìbàdàn?

Láti ìgbà náà lọ, ìlù yẹn kò kúrò nínú orin mọ́. Kò pẹ́ rárá tí àwọn onífáyólìn kìn-ín-ní fi gbà á lọ́wọ́ onílù, wọ́n ń ta ohùn kan náà léraléra, ohùn kan tó ṣe bákan létí bí ẹni pé gbogbo wọn ló jọ ṣi okùn tẹ̀. Ẹ óò tún gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn onífèrè. Ẹ óò gbọ́ ọ nísàlẹ̀ nígbà tí ẹni iwájú bá ń ta ohun tó dùn jù lọ lókè. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sì wá wọlé, kò gbé orin tuntun kankan dé. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ okùn, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí tó fi dé ibi tí etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bá a dé mọ́, kó tó wá gba ohun tí àwọn tó jókòó ti ń sọ bọ̀ sọ ní ohùn tirẹ̀.

Ohun tó ń dúró gbọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá tún lọ, ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn. Àwọn kan máa ń di ojú. Àwọn mìíràn máa ń yí sẹ́yìn, wọ́n á máa wo ọwọ́ àwọn onífáyólìn. Mo ti rí ẹnì kan tí kò lè mú sùúrù, tó ń bá àwọn onífáyólìn kìn-ín-ní ta á láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sófin tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Franz Clement, onífáyólìn ọmọ Vienna, ni Beethoven kọ ọ́ fún. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1806 ni Clement kọ́kọ́ ta á ní ilé eré Theater an der Wien, níbi eré tí wọ́n fi pawó fún òun fúnra rẹ̀. Beethoven pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé agbára káká ni Clement fi ráyè wò ó kó tó gun orí ìtàgé. Kí ẹ sì lè mọ irú òru tó jẹ́, nínú eré kan náà ni Clement ti dojú fáyólìn rẹ̀ délẹ̀, tó fi okùn kan ṣoṣo ta orin tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀nba èèyàn ló ń ta concerto náà. London níbí ló ti wá gbéra sọ, ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1844, nígbà tí onífáyólìn kan tó ń jẹ́ Joseph Joachim ta á, tí Mendelssohn, tí òun náà ń kọ orin, sì darí ọ́kẹ́sítírà. Ọmọ ọdún méjìlá ni Joachim. Ọmọ ọdún méjìlá! Àwọn ọmọ ọdún méjìlá tí mò ń kọ́, mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé èékánná ọwọ́ òsì wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gìtá ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ bí onígìtá jùjú ṣe ń gba orin mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Nígbà tí apá kìn-ín-ní orin Beethoven yẹn fẹ́ parí, gbogbo wọn dákẹ́, olùdarí sọ ọwọ́ kalẹ̀, onífáyólìn iwájú nìkan wá ń dá a ta lọ ràì. Ṣé orí rẹ̀ ló ti ń mú un jáde, àbí ó wà nínú ìwé? (Onígìtá, Peckham)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, cadenza ni wọ́n ń pe ibẹ̀ yẹn. Láyé Beethoven, ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí ẹni iwájú hun tirẹ̀. Nínú concerto yìí, Beethoven kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀ fún fáyólìn. Nígbà tó tún orin náà ṣe fún dùùrù ló tó kọ cadenza sí i, ó sì pe onílù pé kó wá bá onídùùrù ta á! Joachim kọ tirẹ̀. Onífáyólìn mìíràn, Fritz Kreisler, náà kọ tirẹ̀, òun lẹ sì máa ń gbọ́ jù lónìí. Nítorí náà, ìwé ni, ìwé ẹlòmíràn tí ó ti há sórí. Àwọn díẹ̀ ṣì wà tí wọ́n ń kọ tiwọn, mo sì máa ń fún irú wọn ní àtẹ́wọ́ kún àtẹ́wọ́, kódà bí kò bá dùn tó ti Kreisler.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwa tó jókòó nígbà náà, torí kò sẹ́ni tó ń bi wá. Ẹ ti gbé fáyólìn lé itan. Ọ̀pá tí ẹ fi ń ta á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kò gbọdọ̀ kan àga, kò gbọdọ̀ kan irin tí ìwé orin wà lórí rẹ̀, torí bí ó bá kàn án pẹ́nrẹ́n, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣí ìwé. Àwa méjì la máa ń pín ìwé orin kan lò, ẹnì kejì mi sì ti fi pẹ́ńsù kọ TẸ́TÍ gàdàgbà sórí ibẹ̀, ó tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan tí a lè kà, torí kò sí ẹni tó ń lu àkókò. Ìka ẹni iwájú nìkan la ń ṣọ́. Bí ó bá ti fẹ́ parí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ohùn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí okùn, kíákíá, láìdánu dúró. Ìgbà náà ni olùdarí á gbé ọwọ́ sókè, tí àwa náà á gbé fáyólìn sí èjìká láìjẹ́ kó dún.

Ohun tí ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ ni pé a máa fi gbogbo agbára wọlé. Rárá o. A ò fi ọ̀pá ta á. Ìka ìfábẹ̀là la fi ń fa okùn, pẹ́, pẹ́, pẹ́, lábẹ́lẹ̀, ẹni iwájú á wá gba orí okùn méjì tó nípọn jù lọ, á kọ orin tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́, láìsí àṣehàn kankan. Lẹ́yìn gbogbo eré àṣetán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe! Kò sí ibi tí mo fẹ́ràn tó ibẹ̀ nínú gbogbo orin tí mo ti ta. Ẹnì kan nínú wa máa ń fa okùn tirẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù. Ìgbà gbogbo ni. A kì í sọ orúkọ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí apá kìn-ín-ní parí. Àwọn òyìnbó méjì tó wà níwájú mi yíjú pa dà wò mí látòkè délẹ̀. Kí ni mo ṣe? (Alápàtẹ́wọ́, Dagenham)

ÌDÁHÙN: Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Nígbà ayé Beethoven fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ láàárín apá orin kan sí èkejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ dídákẹ́ di ẹ̀sìn. Ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n mú sùúrù ni pé nínú concerto yìí, apá kejì kò parí. Ó wọnú apá kẹta ni, láìsí ìdánudúró, ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ yóò bá ojú ọ̀nà jẹ́. Ẹ máa wo ọwọ́ olùdarí. Bí ó bá ti wálẹ̀, tí ó sì ti yíjú sí yín, ilé ti di tiyín. Àwọn méjì tó wò yín yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, kí ni àwọn olú ńláńlá tí wọ́n so rọ̀ sí àjà Royal Albert Hall? (Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Croydon, mọ́mì mi ló bá mi kọ ọ́)

ÌDÁHÙN: O káre, ọmọ mi, o lójú. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé yẹn ní 1871, àjà rẹ̀ rí rìbìtì débi pé ohùn máa ń gun òkè lọ, á tún pa dà wá. Ẹni tó bá ta orin lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó jókòó lápá kan á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1969 ni wọ́n so àwọn olú yẹn rọ̀ láti máa fọ́n ohùn náà ká kó tó dé òkè. Àwọn tó ti dàgbà ń pè wọ́n ní olú bíi tìẹ.

ÌBÉÈRÈ: Bí okùn fáyólìn ẹni iwájú bá já lójú agbo ńkọ́? Mo ń bẹ̀rù rẹ̀ jálẹ̀ eré. (Ìyàwó Pásítọ̀, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin Ìyá Ìjọ, ẹ ti béèrè ohun tó wù mí jù lọ láti sọ. Okùn máa ń já. Fáyólìn ní okùn mẹ́rin, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tó ń gbé ohùn òkè, òun ló sábà máa ń dójú tini. Ohun tí wọ́n ń ṣe ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ẹni iwájú á yí sí ẹni tó jókòó sí àga àkọ́kọ́ láàárín àwọn onífáyólìn, ìyẹn olórí wọn, á na ọwọ́, onítọ̀hún á gbé fáyólìn tirẹ̀ fún un láìbéèrè. Olórí á gba ti ẹni tó jókòó tì í. Èyí tí okùn rẹ̀ já á máa bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ sẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn pátápátá ló sì máa gbé e jáde lọ so okùn tuntun. Irú èmi nìyẹn.

Èyí tó lókìkí jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje 1986, ní Tanglewood ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ́kẹ́sítírà Boston máa ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Leonard Bernstein ń darí orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, Serenade. Ẹni tó dúró níwájú ni Midori, ọmọbìnrin kan láti Japan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n ti dé apá karùn-ún, èyí tó gbẹ̀yìn, ni okùn òkè bá já. Ó rìn tọ olórí àwọn onífáyólìn lọ, ó gba Stradivarius ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn fáyólìn àtijọ́ olówó gọbọi, ó sì ń ta á lọ. Fáyólìn yẹn tóbi ju tirẹ̀ lọ o, torí èyí tó ń lò kéré díẹ̀. Ẹni tó bá ń ta fáyólìn mọ ohun tí mò ń wí: ibi tí ìka rẹ ti mọ̀ pé ohùn wà ti sún kúrò, ìwọ sì gbọ́dọ̀ rí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kò pẹ́, okùn òkè fáyólìn náà tún já. Ó tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, fáyólìn igbákejì olórí ló gbà, Guadagnini, òun náà fáyólìn àtijọ́. Òun ló fi parí. Ilé gbiná, Bernstein gbá a mọ́ra, àwọn ọ́kẹ́sítírà fúnra wọn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e sójú ewé àkọ́kọ́.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà ọmọ yẹn, wọn kò sì jayò pa. Èmi máa ń ronú nípa àwọn ọkùnrin méjì tó gbé ohun tí wọ́n fi ń jẹun sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tí okùn já mọ́ lọ́wọ́. Wọn ò ṣiyèméjì. Ẹ wo fídíò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní iye owó tí wọ́n ń ta fáyólìn kan lè kọ́ odindi àdúgbò kan. Ṣé kì í ṣe àsọdùn? Ṣé ohùn rẹ̀ tó owó náà? (Kafíńtà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Bàbá kafíńtà, kì í ṣe àsọdùn. Antonio Stradivari, tó ń fi igi ṣe fáyólìn ní Cremona ní Italy, kú ní 1737. Nǹkan bí 650 nínú ohun tó ṣe ló ṣẹ́ kù. Ọ̀kan nínú wọn, tó ṣe ní 1721 tí wọ́n ń pè ní Lady Blunt, ni wọ́n tà ní 2011 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 15.9 dọ́là, àjọ tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi owó náà ran àwọn tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun ṣe lọ́ṣẹ́ ní Japan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá onífáyólìn tí ẹ ń rí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n gbé dání. Àjọ tàbí báńkì ló yá wọn.

Bóyá ohùn rẹ̀ tó o? Ẹ̀yin tí ẹ mọ igi ni kí ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 2012, àwọn oníwádìí kó ògbóǹtarìgì onífáyólìn mẹ́wàá jọ nítòsí Paris. Wọ́n gbé fáyólìn àtijọ́ mẹ́fà àti tuntun mẹ́fà sílẹ̀, Stradivarius márùn-ún wà nínú ti àtijọ́. Wọ́n dín iná kù, wọ́n fi awò àwọn wẹ́dà bo ojú wọn kí wọ́n má bàa dá èyí tí wọ́n gbé mọ̀. Wọ́n ní kí kálukú mú èyí tó wù ú jù. Mẹ́fà nínú àwọn mẹ́wàá mú tuntun. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ àtijọ́, àfòyemọ̀ lásán ni wọ́n ń ṣe. Èrò tèmi ni pé igi tó dára àti ọwọ́ tó mọṣẹ́ kò tíì tán láyé, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó ṣe é kò tíì kú pẹ́ tó ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo wo gbogbo orí ìtàgé, mo ka àwọn adúláwọ̀, kò tó ìka ọwọ́ kan. Ṣé tiwa wà nínú nǹkan yìí? (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Leeds)

ÌDÁHÙN: Ìwọ ọmọ mi, ó wà, ó sì ti pẹ́. Beethoven tí a ti ń sọ látòní, ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1803, òun àti onífáyólìn kan, George Bridgetower, jọ ta sonata tuntun ní Vienna, ìyẹn orin fún fáyólìn àti dùùrù. Ní Poland ni wọ́n ti bí Bridgetower, adúláwọ̀ láti erékùṣù Caribbean ni bàbá rẹ̀. Ìwé orin náà kò tíì ṣeé kà dáadáa, apá kan wà tó jẹ́ pé láti orí èjìká Beethoven ni Bridgetower ti ń yọjú wò ó kó tó ta á. Òun ni Beethoven kọ́kọ́ fi orin náà dá lọ́lá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jà, ọ̀rọ̀ obìnrin ni wọ́n ní ó fà á, ló bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ó sì fi ti Rodolphe Kreutzer sí i, onífáyólìn ará Faransé tí kò fìgbà kankan ta á lójú agbo. Orúkọ Kreutzer ni orin náà ń jẹ́ dòní. Bridgetower pa dà sí England, ó sì kú ní 1860. Ẹ mọ ibi tó kú sí? Peckham! Bí ó bá pẹ́ tó láyé, ìbá máa bá wa ra iṣu ní Rye Lane níbẹ̀.

Samuel Coleridge-Taylor, tó ń kọ orin, ńkọ́? Croydon ló dàgbà sí, ará Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, fáyólìn ló sì kọ́kọ́ kọ́ ní Royal College of Music. Nínú àkójọ orin dùùrù tó gbé jáde ní 1905, orin Yorùbá kan wà níbẹ̀, Oloba. Victoria Randle ti Èkó ló fún un ní orin náà, ìyá Victoria sì ni Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn nígbà èwe rẹ̀. Coleridge-Taylor kọ concerto fáyólìn fún Maud Powell, onífáyólìn ará Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ ta á ní oṣù Kẹfà 1912 ní Connecticut. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni Coleridge-Taylor kú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì péré. Wá orin náà gbọ́. Apá kejì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Fún ti òde òní, lọ wo Chineke!, ọ́kẹ́sítírà tí àwọn adúláwọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, tí Chi-chi Nwanoku dá sílẹ̀ ní 2015, ọmọ Igbo ni bàbá rẹ̀. Kì í ṣe fáyólìn ló ń ta, baasi ńlá tí wọ́n ń dúró tì ni, lẹ́yìn pátápátá. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje, ó ní fáyólìn lòun fẹ́. Ṣé kí n ra èyí tó tóbi kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? (Ìyá Ìbejì, Surulere)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kì í ṣe aṣọ iléèwé. Bí ọwọ́ ọmọ kò bá gùn tó, èjìká rẹ̀ á ká, ọrùn á wọ́, á sì kórìíra rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Wọ́n máa ń ṣe é ní ìdajì, wọ́n ń ṣe é ní ìlàrin. Ẹ ní kó na ọwọ́ òsì, kí olùkọ́ gbé e lé e léjìká, kí ó rí i bóyá ìka rẹ̀ lè ká orí rẹ̀ láìfipá. Bí ẹ bá rí èyí tí ẹ lè yá, ẹ yá a, torí kò ní pẹ́ tí á fi dàgbà jù ú. Ẹ mú un lọ gbọ́ èyí tó jẹ́ ojúlówó ní MUSON Centre ní Onikan, kí ẹ jókòó síbi tó ti lè rí ọwọ́ wọn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò ní dùn létí yín. Ẹ máa dáná lákòókò náà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi ní n kò lè wé gèlè lọ sí Royal Albert Hall. Mo ní kí ló dé? Ẹ bá wa dá a. (Ìyá Àdìó, Thamesmead)

ÌDÁHÙN: Ẹ wé gèlè yín. Kò sí òfin aṣọ níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó wọ ṣòkòtò pénpé. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ máa wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ìjókòó òkè, àwọn àga ga ju ara wọn lọ, ẹni ẹ̀yìn á máa rí iwájú, ẹ wé e bó ṣe wù yín. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ gbalasa níwájú ìtàgé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró wo eré nígbà Proms, àjọ̀dún orin tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wé e pẹlẹbẹ tàbí kí ẹ dúró sẹ́yìn pátápátá. Bí ó bá jẹ́ concerto Beethoven yẹn lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ yọ ẹ̀gbà ọwọ́ sínú báàgì kí apá kejì tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ rọ̀ gan-an, gbogbo ṣaworo yín ni wọ́n máa gbọ́. Owó ìdúró kò wọ́n. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ.